AK Gbígbẹ́: Ìbéèrè Àti Ìdáhùn Fún Ẹni Tó Fẹ́ Kó O Jọ

Ìbọn Kalashnikov, tí a ń pè ní AK, kún ayé, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n gbẹ́ ilé rẹ̀ lára odidi irin kò wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, òun sì ni àwọn olùkójọ máa ń wá kiri. Àwọn ìbéèrè tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ máa ń bi wá la kó síbí. Gbogbo ohun tí a sọ nípa ríra jẹ́ fún ẹni tó ń gbé níbi tí òfin ti gbà á láyè. Ọ̀rọ̀ òfin fúnra rẹ̀ wà ní apá ìsàlẹ̀.

Kí là ń pè ní AK gbígbẹ́?

Ilé ìbọn ni irin àárín tí ọ̀pá ìbọn wọ̀ níwájú, tí ìdí onígi wọ̀ lẹ́yìn, tí bolt, irin tó ń ti ọta wọnú ọ̀pá ìbọn, sì ń sáré lọ sáré bọ̀ nínú rẹ̀. Receiver ni àwọn Òyìnbó ń pè é. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ṣe é. Ti àkọ́kọ́, wọ́n á mú irin tí wọ́n ti rọ ní gbígbóná, wọ́n á wá fi ẹ̀rọ gbẹ́ inú rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀ títí yóò fi di ilé. Èyí tó pọ̀ jù nínú irin náà ló ń bọ́ sílẹ̀ bí èérún. Ti èkejì, páànù irin tó nípọn tó 1 mm ni wọ́n máa ń tẹ̀ bí ẹni tẹ páálí, wọ́n á wá fi ìṣó rivet kan irin mìíràn mọ́ ọn níwájú àti lẹ́yìn. AK gbígbẹ́ la ó máa pe ti àkọ́kọ́, AK páànù la ó máa pe èkejì.

Ṣé gbígbẹ́ ló kọ́kọ́ wà ni?

Rárá o. Páànù ló ṣáájú. Nígbà tí ilé iṣẹ́ tó wà ní Izhevsk, ní Rọ́ṣíà, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe AK ní nǹkan bí ọdún 1948 sí 1949, páànù ni wọ́n fi ṣe ilé rẹ̀. Ìṣòro wà níbi jíjó irin: irin pẹlẹbẹ méjì tí bolt ń gùn nínú ilé náà, jíjó ni wọ́n ń jó wọn mọ́ páànù, iná a sì máa ká páànù kò. Ilé tó bá ti ká kò, bolt kò ní lè rìn gaara nínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń dà nù pọ̀ débi pé ní 1951 wọ́n padà sídìí ohun tí ọwọ́ wọn ti mọ̀, ìyẹn gbígbẹ́. Ó gba àkókò, ó sì ń jẹ irin, ṣùgbọ́n ohun tó bá jáde máa ń tọ́.

Ẹ̀yà mẹ́ta ni àwọn olùkójọ pín in sí. Type 1 ni ti páànù ìbẹ̀rẹ̀ yẹn. Type 2 ni gbígbẹ́ àkọ́kọ́. Type 3, tó jáde láti àárín àwọn ọdún 1950 títí di 1959, jẹ́ gbígbẹ́ tí wọ́n tún fá irin kúrò lára rẹ̀ kí ó lè fúyẹ́. Ní 1959 ni AKM dé, AK tuntun tí ilé rẹ̀ jẹ́ páànù: wọ́n ti wá mọ páànù tẹ̀ dáadáa, gbígbẹ́ sì parí níbẹ̀ fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun Soviet. Nítorí náà, nǹkan bí ọdún mẹ́jọ péré ni Soviet fi ṣe gbígbẹ́. Ìdí kan pàtàkì tó fi ṣọ̀wọ́n nìyẹn.

Báwo ni mo ṣe lè dá a mọ̀ lójú?

Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ilé ìbọn, lókè ibi tí àpótí ọta ń wọ̀. Lára gbígbẹ́, ẹ ó rí ibi gígùn kan tí wọ́n gbẹ́ jìn wọlé, tó ní igun bíi ti àpótí. Lára páànù, ojú kékeré kan tí wọ́n tẹ̀ wọlé ni ẹ ó rí, kò ju orí àtàǹpàkò lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ìṣó rivet. Bí orí ìṣó roboto bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iwájú àti lẹ́yìn ilé náà, páànù ni. Gbígbẹ́ kò nílò wọn, nítorí irin kan náà ni iwájú, àárín àti ẹ̀yìn.

Láti mọ Type 2 yàtọ̀ sí Type 3, ẹ lọ sí ẹ̀yìn, níbi tí igi ti pàdé irin. Type 2 ní ìtẹ̀bọ̀ irin kan tó dá dúró láàárín ilé ìbọn àti ìdí onígi, bí irin tí wọ́n ń fi bọ ẹnu igi ọkọ́. Type 3 kò ní in. Igi wọnú ilé ìbọn tààrà.

Ẹ má ṣe gbára lé ọmọrí orí rẹ̀. Òótọ́ ni pé ti gbígbẹ́ sábà máa ń dán láìní ìlà, tí ti AKM sì máa ń ní ìlà bíi ti egungun ìhà, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú kan péré ni èèyàn fi ń pààrọ̀ ọmọrí. Ẹ̀rí kò sí níbẹ̀.

vz. 58 ti Czechoslovakia ńkọ́? Gbígbẹ́ ni òun náà.

Gbígbẹ́ ni, kì í ṣe AK. Ó jọ ọ́ lókèèrè, ṣùgbọ́n kò sí ohun kan nínú rẹ̀ tó bá ti AK mu, àpótí ọta rẹ̀ pàápàá kò wọ AK.

Orílẹ̀-èdè wo ló ṣe èyí tó wà níwájú mi?

Ẹ ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sí apá ọ̀tún ilé ìbọn, níbi tí irin ààbò gígùn, èyí tí wọ́n fi ń ti ìbọn pa tàbí yan bí yóò ṣe yìn, ti ń lọ sókè sódò. Ti òkè ni ti ìyìnbọn léraléra, ti ìsàlẹ̀ ni ti ọ̀kọ̀ọ̀kan. Soviet kọ АВ àti ОД. Bulgaria kọ АВ àti ЕД. Poland kọ C àti P, Jámánì Ìlà-Oòrùn kọ D àti E, Yugoslavia kọ R àti J. Hungary lo ∞ àti 1. Ṣáínà lo 连 àti 单, nígbà tó yá wọ́n lo L àti D. Finland kò kọ lẹ́tà rárá: tóótòòtó mẹ́ta lókè, ẹyọ kan nísàlẹ̀. Àwọn tí wọ́n ṣe fún aráàlú láti fi yìnbọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lè má ní àwọn àmì yìí.

Àmì ilé iṣẹ́ máa ń wà lápá òsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà. Ọfà nínú igun mẹ́ta ni Izhevsk. Àmì 10 nínú òbìrìkìtì ni Kazanlak ní Bulgaria, 11 nínú òbìrìkìtì ni Radom ní Poland, 66 nínú igun mẹ́ta ni ilé iṣẹ́ 66 ti Ṣáínà.

Ara ìbọn fúnra rẹ̀ náà ń sọ̀rọ̀. Ṣáínà máa ń fi òrùka irin bo ìfojúsùn iwájú, ti Soviet là sílẹ̀ lókè. Ọ̀pọ̀ ti Ṣáínà tún ní ọ̀kọ̀ tí wọ́n so mọ́ ọn pátápátá, tó ń ká sábẹ́. MPi-K ti Jámánì Ìlà-Oòrùn kò ní ọ̀pá ìnulẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń nu inú ìbọn, lábẹ́ ọ̀pá ìbọn, kò sì ní ihò ohun èlò nínú ìdí rẹ̀. Nítorí náà bí ẹnì kan bá sọ pé ọ̀pá ìnulẹ̀ MPi-K rẹ̀ ló sọnù, kò sí ohun tó sọnù. Igi ìdìmú Yugoslavia ní ihò gbọọrọ mẹ́ta níbi tí àwọn yòókù ti ní méjì.

Èwo ló rọrùn jù fún olùbẹ̀rẹ̀ láti rí ní Amẹ́ríkà?

Ti Bulgaria. Kazanlak kò fi gbígbẹ́ sílẹ̀ nígbà tí àwọn yòókù lọ sí páànù, wọ́n ṣì ń ṣe é títí di òní. SLR-95 wọ Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1990 pẹ̀lú ìdí tí wọ́n lu ihò àtàǹpàkò sí, nítorí òfin ìgbà náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn SAM7 dé, tí iléeṣẹ́ Arsenal ń tà láti Las Vegas. Ìbọn tó dára ni wọ́n, ìrin inú wọn mọ́, wọn kò sì ní kí èèyàn ná owó tó ga jù kó tó kọ́ iṣẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ ti Ṣáínà á máa wá Poly Technologies tí wọ́n ń pè ní Legend, tó wọlé ní àwọn ọdún 1980. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ Type 56 àtijọ́, AK ti àwọn ọmọ ogun Ṣáínà, gan-an, láìsí ìyìnbọn léraléra. Ẹ ṣọ́ra: Poly náà ta AK páànù, orúkọ Poly nìkan kò sọ ọ́ di gbígbẹ́. Amẹ́ríkà dí ẹnu ọ̀nà irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ní 1989, ó sì ti ọ̀pọ̀ jù lọ ìbọn Ṣáínà mọ́ta ní 1994, ìyẹn ni pé iye Legend tó wà nílẹ̀ kò lè pọ̀ sí i mọ́.

Ṣé AK ni Valmet ti Finland àti Galil ti Ísírẹ́lì?

Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ AK ni wọ́n. Finland mú Type 3, ó sọ ọ́ di Rk 62: ìdí onírin roboto, ìfojúsùn ẹ̀yìn lórí ọmọrí, ìfojúsùn iwájú lórí irin gáàsì, ibi tí gáàsì ọta ti ń jáde kúrò nínú ọ̀pá ìbọn láti ti bolt sẹ́yìn. M62S ni ti aráàlú. Ísírẹ́lì gbé Galil karí iṣẹ́ Finland yìí. Yisrael Galili àti Yaakov Lior ló ṣe é, Gúúsù Áfíríkà sì gba ìwé-àṣẹ láti fi ṣe R4. Gbígbẹ́ ni gbogbo wọn. Lójú tiwa, kò sí AK tí wọ́n fi sùúrù ṣe tó ti Finland. Ẹ fi àtàǹpàkò ra etí ibi tí àpótí ọta ti ń wọlé: kò sí ibi tó mú, wọ́n ti pa gbogbo ẹnu irin náà rẹ́.

Ṣé gbígbẹ́ ń ba ibi tí a fojú sùn ju páànù lọ?

Ìyàtọ̀ tó wà kò tó ohun tí à ń sanwó fún. Ọ̀pá ìbọn àti ọta ló ń pinnu èyí. Ohun tí gbígbẹ́ fi jù ú lọ ni pé ó wúwo, torí náà kì í ta èèyàn léjìká tó bẹ́ẹ̀, ilé rẹ̀ kì í sì í yí. Ẹni tó ń gbé e rìn ní gbogbo ọjọ́ á fẹ́ páànù. Ìwọ̀n yẹn sì wà lára ohun tó mú kí àwọn ọmọ ogun fi gbígbẹ́ sílẹ̀.

Mo rí ọ̀kan tí wọ́n fẹ́ tà. Kí ni kí n yẹ̀ wò?

Àkọ́kọ́, ẹ yọ àpótí ọta, ẹ fa bolt sẹ́yìn, ẹ fi ojú àti ìka wò ó pé kò sí ọta nínú ihò. Ẹ ṣe é bí ẹni tó ń tà á bá tilẹ̀ ti ṣe é lójú yín. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ṣí ọmọrí, kí ẹ yọ sípírìngì tó ń ta bolt, kí ẹ yọ bolt àti irin tó ń gbé e, kí ẹ yọ ọ̀pá gáàsì. Ọlọ́jà tí kò bá gbà kí ẹ ṣí i, ẹ kí i pé ó dàárọ̀.

Nọ́ńbà ló kàn. Odidi nọ́ńbà wà lára ilé ìbọn. Ẹ ó tún rí i, tàbí ìparí rẹ̀, lára bolt, irin tó ń gbé e àti ọmọrí. Bí gbogbo wọn bá bára mu, tí wọ́n sì fi àmì lílù kan náà kọ wọ́n, inú wa á dùn. Bí nọ́ńbà kan bá jẹ́ èyí tí wọ́n fi iná mànàmáná họ sára, ẹnì kan ló so irin àjèjì mọ́ ọn. Kò burú láti rà á, ṣùgbọ́n kí owó rẹ̀ wá sílẹ̀.

Ibi tó léwu jù lọ ni ilé ìbọn tí wọ́n ti gé rí. Ọ̀pọ̀ AK ológun ni wọ́n fi iná gé ilé wọn kí ìyókù wọn tó lè wọ Amẹ́ríkà bí ẹ̀yà lásán, àwọn kan sì ń jó àwọn àjákù wọ̀nyí pọ̀ padà. Ojú ẹ̀rọ agbẹ́rin máa ń fi ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ nínú ilé náà, gbogbo wọn ń lọ sí apá kan náà, bí ìlà tí ìyarun fà. Ibi tí wọ́n bá jó, wọ́n á fi fáìlì pa á rẹ́, ìlà fáìlì á sì dábùú ìlà ẹ̀rọ. Ẹ tan iná tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe láti òkè, ẹ ó rí i. Ẹ tún wo bóyá àwọ̀ irin náà yí padà níbì kan, tàbí ó ní ihò wẹ́wẹ́ bíi ti abẹ́rẹ́. Ibi jíjó lè fọ́, òfin sì lè má gba irú ilé bẹ́ẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ ní kí wọ́n yọ igi ìdìmú ìsàlẹ̀. Ìpẹtà fẹ́ràn abẹ́ igi: òógùn ọwọ́ àti òjò a máa wọ ibẹ̀, igi a sì fà wọ́n mọ́ra. Ìbọn tó ń dán lókè lè ti jẹ gbẹ̀rẹ̀gbẹ̀rẹ̀ lábẹ́ igi, bẹ́ẹ̀ náà ni abẹ́ èèkù àti ibi tí ìdí ti wọlé. Bí ojú síkírúù ìdí bá ti ya, ẹnì kan ti ṣí i rí. Ẹ béèrè ìdí rẹ̀.

Níkẹyìn, ẹ wo inú ọ̀pá ìbọn. Ti Soviet, Ṣáínà àti Bulgaria ní króòmù nínú, wọ́n ń pẹ́. Yugoslavia kò fi króòmù sínú tiwọn, torí náà M70, AK tiwọn, tí wọn kò fọ̀ dáadáa máa ń ní ihò ìpẹtà káàkiri inú rẹ̀. Kí ẹ tó yìn ín, kí ẹni tó ń tún ìbọn ṣe fi irin ìwọ̀n wò bóyá àyè tó wà láàárín bolt àti ìdí ọta ṣì tọ́.

Ó wá pẹ̀lú gírísì tó nípọn. Báwo ni mo ṣe máa yọ ọ́?

Ẹ yọ igi kúrò lára irin. Fún irin, kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì onírun ti tó. Ẹ má ṣe lo búrọ́ọ̀ṣì onírin. Ẹ rí i pé gírísì kúrò nínú ihò tí abẹ́rẹ́ bolt ń gbà kọjá: bí ó bá dì síbẹ̀, abẹ́rẹ́ lè há síwájú, ọta á sì máa yìn fúnra rẹ̀ nígbà tí bolt bá padé. Fún igi, ẹ gbé e sínú oòrùn, kí ẹ máa fi aṣọ nu ohun tó bá ń làágùn jáde. Ó lè gba ọjọ́ mẹ́rin, márùn-ún. Ẹ má rì í sínú omi, ẹ má sì fi yanrìn fá a: àmì tí ilé iṣẹ́ lù sára igi á lọ, kò sì ní padà.

Ọta ológun àtijọ́ ń jẹ ìbọn mi. Kí ló fà á?

Iyọ̀ ni. Ohun tó ń tanná nínú ọ̀pọ̀ ọta 7.62×39 mm àtijọ́ máa ń fi iyọ̀ sílẹ̀, iyọ̀ a sì fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Ọ́ìlì kì í yọ iyọ̀, omi ló ń yọ ọ́. Lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ da omi gbígbóná gba inú ọ̀pá ìbọn kọjá láti ẹ̀yìn síwájú, ẹ fọ ọ̀pá gáàsì, orí irin tí gáàsì ń tì àti ojú bolt. Ẹ nù wọ́n gbẹ kí omi tó tutù, kí ẹ tó fi ọ́ìlì pa wọ́n. Ibi tí a sábà máa ń gbàgbé ni inú irin gáàsì tó wà lórí ọ̀pá ìbọn. Ẹ ti aṣọ kékeré wọ ibẹ̀ lọ́tọ̀.

Ṣé kí n tún àwọ̀ rẹ̀ kùn?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Ìlà roboto bí òṣùpá àkọ́yọ tí irin ààbò fà sápá ọ̀tún, ibi tí dúdú ti ṣá lára etí irin, igi tí àtẹ́lẹwọ́ ti sọ di pupa dúdú: àwọn wọ̀nyí ni ìtàn ìbọn náà, àwọn ni olùkójọ ń sanwó fún. Ẹni tó bá tún un kùn ti sọ ohun ìtàn di ìbọn lásán ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Bí ìpẹtà bá mú un, ẹ fi ọ́ìlì pa ibẹ̀, ẹ jẹ́ kó rẹ di ọjọ́ kejì, ẹ fi aṣọ nù ún, ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀.

Níbo ni kí n tọ́jú rẹ̀ sí?

Sínú àpótí irin tó ní kọ́kọ́rọ́, tí ọta wà lọ́tọ̀. Kí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ ibẹ̀ wà ní bíi 45 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún: bó bá pọ̀ jù, irin á dípẹtà, bó bá kéré jù, igi á là. Ẹ má fi í sínú àpò awọ tàbí ti fóòmù fún ìgbà pípẹ́, wọ́n ń di omi mọ́ irin. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ kí ẹ tó gbé e. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ gbé e jáde, kí ẹ wo abẹ́ ọmọrí.

Àpótí ọta wo ló bá a lọ?

Ti àkọ́kọ́ ni onírin tó ní ẹ̀gbẹ́ pẹrẹsẹ, tó wúwo tó bíi 430 gíráàmù láìsí ọta. Lẹ́yìn rẹ̀ ni onírin tó ní ìlà dé, bíi 330 gíráàmù. Èyí tó jẹ́ alumíníọ́ọ̀mù, tó ní ojú bíi ti àwọ̀n, fúyẹ́ púpọ̀ ṣùgbọ́n ó yára tẹ̀, ìdí nìyí tí èyí tó ṣì tọ́ fi wọ́n. Ẹni tó fi èyí tó jẹ́ ike pupa bí osùn sínú Type 2 kò ba nǹkan jẹ́, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọmọ ìgbà kan náà.

Kí ni òfin sọ?

Ní Amẹ́ríkà, èyí tó ń yìnbọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ni aráàlú sábà máa ń ní, àwọn ìpínlẹ̀ bíi California àti New York sì ní òfin tiwọn tó le jù. Tí ìbọn náà bá ń yìn léraléra, àfi kó wà nínú ìwé ìjọba àpapọ̀ kí ó tó di May 19, 1986. Àwọn tí ọmọ ogun gbé bọ̀ láti Vietnam tí wọ́n sì forúkọ wọn sílẹ̀ nígbà ìdáríjì 1968 wà nínú wọn. Èyí tí kò ní ìwé kò ṣeé tún ṣe lófin, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ̀yà ìpilẹ̀ṣẹ̀ rọ́pò ẹ̀yà Amẹ́ríkà lára SAM7 gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ òfin 922(r), tí kò gbà ju ẹ̀yà ilẹ̀ òkèèrè 10 lọ nínú 20 tó kà sílẹ̀.

Ọmọ Yorùbá tó wà ní Amẹ́ríkà, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ẹni tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́, ti iṣẹ́ tàbí ti ìbẹ̀wò kò gbọdọ̀ ní ìbọn tàbí ọta, àfi àwọn díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀. Ẹni tó ní green card lè ní in. Ẹ̀ṣẹ̀ yìí lè lé èèyàn kúrò nílùú.

Ní Bìrìtéènì, òfin 1988, tó jáde lẹ́yìn ìpànìyàn Hungerford ní 1987, gba irú ìbọn yìí lọ́wọ́ aráàlú. Èyí tí wọ́n ti pa ẹ̀rọ rẹ̀ ni èèyàn lè ní, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí láti ilé àyẹ̀wò London tàbí Birmingham. Ẹ tọ́jú ìwé náà bí ẹyin ojú.

Ní Nàìjíríà, òfin ohun ìjà ti 1959 to ìbọn ológun mọ́ èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní láìsí ìwé-àṣẹ láti ọ̀dọ̀ Ààrẹ fúnra rẹ̀. Ìkójọ kò sí níbẹ̀, ẹ má sì gbìyànjú láti gbé ẹyọ kan wálé. Ẹni tó bá fẹ́ rí ohun ìjà ogun abẹ́lé 1967 sí 1970 lójúkojú, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ogun wà ní Umuahia.

OBJ-006 tí DICON, ilé iṣẹ́ ohun ìjà ìjọba Nàìjíríà, ṣe ní Kaduna ńkọ́?

AKM ló tẹ̀ lé. Páànù ni.

Ìwé wo ni kí n máa tọ́jú?

Ìwé kan fún ìbọn kan. Ẹ kọ nọ́ńbà gbogbo ẹ̀yà sílẹ̀ bí ẹ ṣe bá a, ọjọ́ tí ẹ rà á, ẹni tó tà á, àmì tó wà níbi kọ̀ọ̀kan. Ẹ ya àwòrán apá òsì, apá ọ̀tún, inú ilé ìbọn láìsí bolt, àti abẹ́ igi ìdìmú. Bí ẹ bá pààrọ̀ ohunkóhun, ẹ di èyí tí ẹ yọ sínú ọ̀rá pẹ̀lú ọ́ìlì díẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà ìbọn sára rẹ̀, ẹ gbé e sínú àpótí kan náà pẹ̀lú ìbọn.